Nígbà tí Ọlọ́pàá Bá Mú Ọmọ Yín: Àyè tí Òfin Fi Sílẹ̀ fún Òbí

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ní Ìpogun ti se oúnjẹ alẹ́ tán, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, kò tíì ti Àkúrẹ́ dé. Nígbà tí agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀, fóònù dún. Ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ sọ fún un pé àwọn ọlọ́pàá ti kó ọmọ náà pẹ̀lú àwọn mìíràn níbi ìjà kan, ó sì ti wà ní àgọ́ wọn. Kí ni kí ìyá yìí ṣe?

Ohun méjì ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn òbí kan yóò fi ìbínú àti ìtìjú sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè là." Àwọn mìíràn yóò sáré yá owó, wọn yóò sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́pàá tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí, láìbéèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ náà ṣẹ̀. A kò sọ pé àwọn òbí wọ̀nyí kò fẹ́ràn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n àti ẹni tí ó jókòó sílé àti ẹni tí ó gbé owó lọ, wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo, ìyẹn àyè tí òfin ilẹ̀ wa yà sọ́tọ̀ fún òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé àyè náà kì í ṣe ojúrere láti ọwọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá kankan. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni, òbí ni òfin sì fi ṣọ́ ọ. Bí òbí kò bá sí níbẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, ohun tí ó bá bàjẹ́ lè ṣòro láti tún ṣe.

Ta ni òfin ń pè ní ọmọdé?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní láti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2007. Nítorí náà, ọmọ ọdún 16 tí ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ, tí irùngbọ̀n sì ti ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, ọmọdé ni ó jẹ́ lójú òfin.

Ibí gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ojú lásán ni àwọn tí ó mú ọmọ lè fi díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ náà pàápàá, yálà nítorí ìbẹ̀rù tàbí nítorí pé ó fẹ́ ṣe bí ọkùnrin, lè fi ọdún kún ọdún ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ ọdún 19 ni, bí àgbàlagbà ni wọn yóò ṣe máa bá a lò láti ìgbà náà lọ: inú àtìmọ́lé àgbàlagbà, ilé ẹjọ́ àgbàlagbà.

Ìdí nìyí tí ohun àkọ́kọ́ tí òbí gbọ́dọ̀ mú dání fi jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ orí. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí Àjọ Ìkànìyàn ń fún ni ni ó dára jù lọ. Bí kò bá sí, ẹ mú ìwé ilé ẹ̀kọ́, káàdì ilé ìwòsàn tí a ti bí i, tàbí ìwé ìrìbọmi láti inú ìjọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ẹ sì mú ojúlówó padà sílé.

Wákàtí àkọ́kọ́

Abala 211 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ní kété tí a bá ti mú ọmọdé, a gbọ́dọ̀ fi tó òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ létí. Bí kò bá ṣeé ṣe lójú ẹsẹ̀, kí ó jẹ́ láàárín àkókò tí ó kúrú jù lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọlọ́pàá ni òfin gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Kò gbé e lé aládùúgbò tàbí ẹni tí ó ń kọjá lọ lọ́wọ́. Bákan náà, Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀ràn ti ọdún 2015, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ní irú rẹ̀, sọ pé àwọn tí wọ́n bá ti ẹnikẹ́ni mọ́lé ni kí wọ́n fi tó àwọn ẹbí rẹ̀ létí, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ sọ orúkọ yín àti ohun tí ẹ jẹ́ sí ọmọ náà, kí ẹ sì béèrè ọlọ́pàá tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní IPO. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí: Kí ni ẹ̀sùn tí ẹ fi kan ọmọ wa? Ta ni ó mú ẹ̀sùn wá? Aago mélòó ni ẹ mú un? Ibo ni ó wà báyìí, àwọn wo ni ó sì wà pẹ̀lú rẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó dáhùn àti àkókò tí ó dáhùn. Ìwé pélébé yìí lè wúlò fún agbẹjọ́rò ju ẹgbẹ̀rún ẹ̀bẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹ fojú rí ọmọ náà. Bí ẹ bá rí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀, ẹ sọ ọ́ níwájú ọ̀gá tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè fún dókítà. Òfin kan tí a ṣe ní ọdún 2017 sọ ìdálóró di ọ̀ràn fúnra rẹ̀. Kò sí àṣẹ ọ̀gá tí ó lè sọ ọ́ di ohun tí ó tọ́. Bí wọ́n bá sì ti fi ọmọ náà sáàárín àwọn àgbàlagbà, ẹ béèrè pé kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, èyí tí a ṣe ní ọdún 1989 tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní ọdún 1991, béèrè fún ìyàsọ́tọ̀ yìí, ó sì fún ọmọ tí a tì mọ́lé ní ẹ̀tọ́ láti máa rí àwọn ẹbí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá fọwọ́ sí

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ohun tí ó léwu jù fún ọmọ ni bébà tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, tí yóò sì fọwọ́ sí. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún ẹnikẹ́ni tí a bá mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, kí ó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn sọ̀rọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé fi kún un pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí wíwà níbẹ̀ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀, àti sí agbẹjọ́rò. Òfin ti ọdún 2015 tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sì sọ àwọn tí ó lè jókòó tì í bí ó bá ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ Legal Aid Council tí í ṣe àjọ ìjọba tí ń pèsè agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí ìjọba fi oyè JP dá lọ́lá, tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn.

Kí ni iṣẹ́ òbí níbẹ̀? Kì í ṣe láti dáhùn fún ọmọ. Kì í sì í ṣe láti nà án lójú ọlọ́pàá, kí a máa pariwo pé, "Jẹ́wọ́, kí a lè máa lọ sílé!" Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó lè tìtorí ìbẹ̀rù bàbá rẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Iṣẹ́ òbí ni láti rí i pé ìbéèrè náà yé ọmọ, pé kò sí ẹni tí ó ń halẹ̀ mọ́ ọn, àti pé ohun tí ó sọ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Bí ó bá fi Yorùbá sọ ọ́ tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ padà sí Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó tó fọwọ́ sí i. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí kò sì sí agbẹjọ́rò nítòsí, kò sí àbùkù nínú pé kí òbí sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ wa yóò dúró de agbẹjọ́rò kí ó tó sọ ohunkóhun."

Ogójì kìlómítà

Ìwé òfin ilẹ̀ wa tún sọ pé a gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí a fi mú ènìyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́. Ó ní kí a mú un lọ sí ilé ẹjọ́ láàárín àkókò tí ó mọ́gbọ́n dání. Bí ilé ẹjọ́ tí ó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí ó wà, ọjọ́ kan ni àkókò náà. Bí ilé ẹjọ́ bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá gbà pé ó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí àwa ará agbègbè yìí fi èyí wọn ara wa. Láti Ìpogun, Àkúrẹ́ kò jìnnà, bí a bá sì fi ìlà tààrà wọ̀n ọ́n, ìlú Oǹdó náà kò tó 40 kìlómítà. Ilé ẹjọ́ wà ní ìlú méjèèjì. Nítorí náà, òbí tí ọlọ́pàá ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé ní agbègbè Ìfẹ́dọ̀rẹ tàbí Àkúrẹ́ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: "Ọjọ́ kan ti pé, ṣé ẹ ó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ni, àbí ẹ ó fi í sílẹ̀ fún wa?"

Ní ti ìtúsílẹ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sọ pé kí ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ ro ó láìjáfara, pé ìtìmọ́lé ni ohun ìkẹyìn tí a lè ṣe sí ọmọdé, kí ó sì jẹ́ fún àkókò tí ó kúrú jù lọ. Òbí lè gba ọmọ rẹ̀ lọ sílé kí ó sì ṣèlérí pé òun yóò mú un padà wá nígbà tí wọ́n bá béèrè rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ni ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé obìnrin kò lè ṣe onídùúró, ẹ má gbà á. Òfin ti ọdún 2015 sọ ní tààrà pé a kò gbọ́dọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró kìkì nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ẹ̀yin opó tí ẹ ń dá tọ́ ọmọ, ẹ fi èyí sọ́kàn.

A kì í mú bàbá dípò ọmọ

Nígbà mìíràn ọmọ á sá lọ, wọn á sì ní kí ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ wá jókòó sí àtìmọ́lé títí ọmọ yóò fi dé. Òfin ti ọdún 2015 fòfin de èyí pátápátá ní abala 7, Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì tún un sọ. Òbí lè bá ọlọ́pàá wá ọmọ rẹ̀, ó sì lè gbà á níyànjú láti jáde wá pẹ̀lú agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tì í mọ́lé ní ipò ọmọ náà.

Nígbà tí àyè náà bá ṣófo

Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ka àwọn òfin wọ̀nyí sí? Gbogbo Nàìjíríà rí i ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà, wọ́n kó ènìyàn 76 wá sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá nítorí ìwọ́de tí ó wáyé ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Bí ọgbọ̀n nínú wọn ni kò tíì pé ọdún 18, wọ́n sì ti wà ní àtìmọ́lé fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lára ẹ̀sùn tí a fi kàn wọ́n ni ìdìtẹ̀ sí ìjọba, èyí tí ikú lè jẹ́ ìjìyà rẹ̀ fún àgbàlagbà. Àárẹ̀ ti mú àwọn kan nínú wọn débi pé wọ́n ṣubú lulẹ̀ nínú ilé ẹjọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn. Adájọ́ Obiora Egwuatu fún wọn ní béèlì mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn onídùúró. Ta ni nínú àwọn òbí wọn ni ó lè rí irú rẹ̀?

Ariwo sọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pàṣẹ pé kí a tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ilé ẹjọ́ fagi lé ẹ̀sùn náà. A dúpẹ́ pé wọ́n padà sílé. Ṣùgbọ́n àṣẹ Ààrẹ ni ó tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí ó jẹ́ pé òfin tí ó ti wà láti ọdún 2003 ti sọ pé kí a fi tó òbí létí ní kíá, pé ìtìmọ́lé ni kí ó kẹ́yìn, àti pé Ilé Ẹjọ́ Ẹbí ni ọ̀rọ̀ ọmọdé yẹ kí ó lọ. Ọmọ mélòó ni ariwo lè sọ nítorí rẹ̀? Èyí tí a bá mú ní kọ̀rọ̀, òbí rẹ̀ nìkan ni yóò sọ̀rọ̀ fún un.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a ti fi ojú winá kí a tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1964, ní ìlú Globe ní Arizona, Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá mú ọmọ ọdún 15 kan nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ó fi tẹlifóònù sọ ọ̀rọ̀ rírùn sí aládùúgbò kan. Ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn òbí. Nígbà tí ìyá dé ní ìrọ̀lẹ́ tí kò bá ọmọ nílé, ó ní láti rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti wá a kiri. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, láìsí agbẹjọ́rò, adájọ́ rán ọmọ náà lọ sí ilé ìtọ́nisọ́nà títí yóò fi pé ọdún 21. Àgbàlagbà tí ó bá ṣe irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ìbá san owó ìtanràn tí kò ju 50 dọ́là lọ, tàbí kí ó lo oṣù méjì lẹ́wọ̀n. Àwọn òbí náà kò dákẹ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà, tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Gault, dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ilé ẹjọ́ náà dá wọn láre: ọmọdé àti òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀sùn ní àkókò tí wọ́n fi lè múra sílẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò, ọmọdé náà sì lè dákẹ́.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ìjọ wa ní ẹbí sí, òfin kan láti ọdún 1984 sọ pé àgbàlagbà kan tí ó yẹ, òbí ní pàtàkì, gbọ́dọ̀ jókòó ti ọmọdé tí ọlọ́pàá bá ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Àwọn ọmọ ọdún 17 kò sí nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀; ẹjọ́ tí a dá ní ọdún 2013 ni ó fà wọ́n wọlé. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ sì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá níbẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín lọ́hùn-ún pé kí wọ́n má ṣe kọ̀ ọ́.

Ní ilé ẹjọ́

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Ẹbí ni òfin yàn fún ọmọdé. A kò gbọdọ̀ gbé orúkọ tàbí àwòrán tí a ó fi dá ọmọ náà mọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. A kì í rán ọmọdé lọ sí ẹ̀wọ̀n, a kì í fi ẹgba nà án, a kì í sì í dá ẹjọ́ ikú fún un. Ilé ẹjọ́ lè fi í sábẹ́ àbójútó, ó lè ní kí a máa gbà á níyànjú, tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ fún ìlú.

Ẹ̀tọ́ kì í wá láìsí ojúṣe. Ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí òbí wá, ó sì lè ní kí òbí san owó ìtanràn tàbí owó ohun tí ọmọ bàjẹ́, pàápàá bí ó bá hàn pé àìbìkítà òbí ni ó fa ọ̀rọ̀ náà.

Ṣé ààbò fún ìwà burúkú ni èyí?

Àwọn kan nínú ìjọ lè sọ pé ẹni tí ó bá ń béèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ń ṣàìgbọràn sí aláṣẹ. A kò rò bẹ́ẹ̀. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù pàápàá, nígbà tí wọ́n nà án ní Fílípì láìṣe ẹjọ́ rẹ̀, kò gbà kí wọ́n tú òun sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀; ó béèrè ohun tí òfin fún un. Ẹni tí ó ní kí a tẹ̀lé òfin ń bọ̀wọ̀ fún òfin.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbàgbé ẹni tí ọmọ wa ṣẹ̀. Bí ọmọ bá jalè, kí ó dá ohun tí ó jí padà. Bí ó bá ṣe ènìyàn léṣe, kí ó tọrọ àforíjì, kí a sì tọ́jú ẹni náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé pàápàá fún ọlọ́pàá láyè láti parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìdé ilé ẹjọ́ bí kò bá jẹ́ ọ̀ràn ńlá, nípa ìlàjà àti sísan àtúnṣe. Àwọn baba wa sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹni tí ó ní kí ọmọ sùn sí àtìmọ́lé kí ó lè gbọ́n ti fi ọwọ́ méjèèjì tì í dànù, àwọn tí yóò bá níbẹ̀ ni yóò sì máa kọ́ ọ ní ìwà.

Ohun tí ìjọ lè ṣe

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi dáadáa, kí ọjọ́ ìbí àti orúkọ òbí wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan lè dé tí yóò jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ mọ àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn tí ó ní oyè JP nínú ìjọ, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀. Ẹ wá ọ́fíìsì Legal Aid Council àti ti Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí ó wà ní Àkúrẹ́ mọ̀ kí wàhálà tó dé. Bí òbí kan bá pè yín lóru, ẹ bá a lọ. Ẹ má sì ṣe kéde orúkọ ọmọ náà nínú ìjọ gẹ́gẹ́ bí ohun àdúrà. Àṣírí tí òfin bò, kí àwa náà má tú u.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa ní Ìpogun. Kí ó pa iná ìdáná. Kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ náà, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kí ó pe agbẹjọ́rò tàbí olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀, kí ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe lọ́la. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, kí ó sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni. Mo fẹ́ rí i." Ìbáwí tí ó tọ́ sí ọmọ náà wà nílé, ọ̀la ni yóò tó fún un.